Igi Ọsàn Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Bí wọ́n bá ń bọ ẹyìn níbikíbi ní agbègbè wa, mo máa ń mọ̀ kí èéfín tó yọ. Imú mi mọ òórùn ẹyìn ju bó ṣe mọ òórùn oúnjẹ lọ. Iṣẹ́ epo ni mo bá nílé ọkọ, òun náà ni mo ń ṣe títí di òní, ní abúlé kan níhìn-ín ní Issaba. Bí o bá gun zẹ́míjàn láti ẹnu ọ̀nà wa, tí ọlọ́kadà náà kò sì dúró gbé èrò mìíràn, wàá dé Pobè kí ìrẹsì tí o gbé kaná tó jinná. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà kò jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀nà kò jìn.

Mo rántí ìgbà tí àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin ni, ó lẹ́nu bíi tèmi, ó sì lórí kunkun bíi ti ìyá ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi yìí ló sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré pé ẹni tó bá gbé kóró ọsàn mì, igi á hù nínú ikùn rẹ̀, ẹ̀ka á sì gba etí jáde. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí kóró ọsàn tí ọmọ yìí kò ní í tu sọ́wọ́, kó sì lọ gbìn ín síbì kan. Ọ̀kan hù nínú agolo tòmátò tó ti dípẹtà, òun ló sì fẹ́ràn jù. Bó bá ti ilé ìwé dé, ìwé kàyé rẹ̀ kò ní í tíì kanlẹ̀ tí á ti bu omi sẹ́nu, tí á máa fọ́n ọn sí ewé méjèèjì tó wà lórí rẹ̀. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé omi tí mo fi orí rù wálé ni ó ń fi ẹnu tu dànù yẹn. Á ní, "Ìyá, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún yín." Kí ni kí ènìyàn fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ó ní nọ́ọ̀sì ni òun máa ṣe, gbogbo ọmọdé àdúgbò ló sì ti fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ bá kan òun fúnra rẹ̀, abẹ́ ibùsùn ni ẹ ó ti bá a.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ epo kò lè mọ ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹyìn nínú ẹkù, ìyẹn kòtò tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú. A ó bọ ẹyìn náà dé ojú àmì, a ó dà á sínú ẹkù ní gbígbóná, a ó wọlé, a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi bo wa dé orúnkún. Bí ẹyìn bá tutù kí a tó tẹ̀ ẹ́ tán, epo inú rẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́, gbogbo làálàá ẹni tó gun ọ̀pẹ àti ẹni tó ru ú wálé á sì di ohun ìdáná. Àwọn ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá ti tẹ ẹsẹ̀ bọ ẹkù ti bá ẹyìn mulẹ̀, kì í jáde láìparí. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo sì gbà á bí mo ṣe gba gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà, láìbi í léèrè bóyá ó ní ọjọ́ tí kò kàn.

Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ara ọmọ náà ti ń gbóná. Mo se àgbo fún un, ó mu ún, ó làágùn, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Mo ní ó ti bọ́. Mo gbé ẹyìn kaná. Mo ti wà nínú ẹkù nígbà tó jáde wá, ó fi aṣọ ìró mi kan bora nínú oòrùn, ó dúró létí kòtò, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ọmọ tó ń sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn nítorí abẹ́rẹ́ ló fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí n gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti máa gún òun. Bí ọgbọ́n bá wà lórí mi, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ́ jáde. Mo ní, "Jẹ́ n parí èyí, ká máa lọ."

Ó ní, "Ó dáa, Ìyá." Ó lọ jókòó sórí òkúta lábẹ́ òrùlé. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá mo ti fẹ́ parí. Mo ní ó ku díẹ̀. Kò tún béèrè mọ́. Nígbà tí mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo rò pé ó sùn ni, inú mi sì dùn pé ó sùn. Mo ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, inú mi dùn. Mo tẹ ẹyìn náà débi tí kò fi sí ẹ̀kán epo kan tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Oòrùn ti kúrò ní àtàrí kí n tó jáde nínú ẹkù, nígbà tí mo sì fọwọ́ kan ọmọ mi láti jí i, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wò mí.

Ọlọ́kadà gbé wa, ọmọ wà láàárín èmi àti òun. N kò dúró wẹ ẹsẹ̀. Epo ń mú ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò lórí irin tó yẹ kí n tẹ̀, ọlọ́kadà sì ń sọ ṣáá pé, "Ìyá, ẹ dì í mú dáadáa." Mo dì í mú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò dì í mú. A ti wọ Pobè, a ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá, ni ọrùn rẹ̀ ṣubú lé mi lápá, mo sì mọ̀. Ọkùnrin tó gbà wá ní ilé ìwòsàn yẹ ojú rẹ̀ wò, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ká ní ẹ gbé e wá láàárọ̀ ni." Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó kúrò létí mi.

Wọn kò jẹ́ kí n padà sílé. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, òbí tí ọmọ rẹ̀ bá sì kú ṣáájú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sin ín, kò sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí láéláé. Èèwọ̀ ni. Ìyá kò gbọ́dọ̀ mọ̀, bàbá kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi ní Pobè. Arákùnrin mi sì gbé mi lọ sílé wa ní Takon, ní ọ̀nà Sakété. Epo náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá mi gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ wá láti fọ̀ ọ́, mo bá a jà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, torí pé epo yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, gbogbo wọn ń wí pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé èwo gan-an ni kò fọ́. Ó bínú dìde, ó ní ìbànújẹ́ kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Òótọ́ ló sọ, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì títí dòní.

Oṣù mẹ́ta ni mo lò ní Takon. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti gbá ilé mọ́. Kàyé rẹ̀ kò sí, sálúbàtà rẹ̀ kò sí, aṣọ ìró mi tó fi bora kò sí. Mo wá agolo tòmátò náà títí, wọ́n ní ewúrẹ́ ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀. Ìyá lágbájá ni gbogbo ayé ti ń pè mí fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo wọ́n mú un kúrò lórí mi, wọ́n fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, n kì í tètè dáhùn. Ọkọ mi náà kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ó sì gbà pé òun kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó kàn ń gun ọ̀pẹ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ohun tuntun kan ṣoṣo tí mo bá nílé ni ọ̀gbìn ọsàn kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá ọkọ mi ní òun rà á lọ́jà Pobè. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni kí o máa bomi rin ín. Láràárọ̀. Má rán ẹnikẹ́ni." Mo rò ó nínú ọkàn mi pé ẹ ò rí ayé mi, ọmọ kú, wọ́n fún mi ní igi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ̀ fún ìyá ọkọ? Mo ń bu omi sí i láràárọ̀, mo sì ń kùn bí mo ṣe ń bù ú.

Nítorí kí ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí ọmọ mi wà? Kì í ṣe láti kọ́ sìmẹ́ńtì lé e. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá a sọ. Mo ti ní kó dúró, ó sì dúró, mo sì fẹ́ lọ bá a níbi tó wà kí n tọrọ àforíjì. Katikísì ìjọ wa ní kò sóhun tí a kò lè fi àdúrà ránṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó dúró ní ibì kan, ṣebí a máa ń padà lọ sí ibẹ̀ ni. Mo gbé ìgò ọtí sódàbí lọ fún Bàbá, mo kúnlẹ̀. Ó tì í padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Tìtorí rẹ ni wọ́n fi ṣe èèwọ̀ náà." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fúnra mi. N kò sí lóko, n kò sí lọ́jà, etí igbó ni mo wà, mò ń wo ibi tí ilẹ̀ bá wú díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí òkìtì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, ó gùn níwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Mo wólẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ, mo sunkún débi tí n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Olóko ló dé, ó dúró lórí mi, ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ewúrẹ́ mi ni mo sin síbẹ̀. Ó jẹ májèlé." Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò sì dáwọ́ dúró títí ìyá ọkọ mi fi wá dì mí mú.

Ọdún ń gorí ọdún, igi ọsàn ń dàgbà. Ó so, ó kan bí ọtí kíkan. Mo sọ ọ́ ní aláìwúlò. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ara mi kò gba ilé ayé, omi gbígbóná tí mo fi fọ ìkòkò epo ni mo máa ń dà sí i, lẹ́ẹ̀kan, igi náà wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sídìí rẹ̀, ó ń ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní arúgbó ti ń ṣarán. Nígbà tó yá mo ní kí a gé igi náà kí a fi ibẹ̀ gbòòrò sí i fún iṣẹ́ epo, ó wò mí lójú, ó ní, "Bó o bá gé e, orí mi ni o gé." Mo fi í sílẹ̀. Àárín wa kò gún mọ́ nítorí igi.

Ní ọdún tó kọjá ni ìyá ọkọ mi kú, wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, torí pé òun dàgbà kó tó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa obìnrin elépo rí ẹ̀rọ kan tó ń gún ẹyìn, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi ni mo jà jù kí ẹ̀rọ náà lè dé, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni ààyè wà. Mo ránṣẹ́ sí agégi kan ní Sakété, ó gbé ayùn tó ń lo bẹntiróòlù wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó kọ́kọ́ gé àwọn ẹ̀ka, ó ń múra àtigé ìdí rẹ̀, ni mo rí Bàbá tó ń ti iwájú ilé bọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí kò rìn kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan tọ ògiri, ọ̀pá wà ní ọwọ́ kejì, ó rìn títí dé ìdí igi, ó fi ẹ̀yìn tì í. Agégi pa ayùn rẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ yẹra níbẹ̀. Ìyá tó gbìn ín ti kú. Ṣé igi rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kú ni?"

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ìyókù. Ó ní inú igbó ni àwọn fẹ́ gbé ọmọ náà lọ, ìyá àwọn, ìyẹn ìyá ọkọ mi, jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ní ọmọ òun kò ní í sùn sínú igbó. Ìyá náà ló lọ gbé agolo tòmátò wá, tó gbin igi inú rẹ̀ lé e láyà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí èèwọ̀ kò bá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibẹ̀, ó kéré tán kí omi ibẹ̀ máa ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá. Ó mú kí Bàbá búra. Bàbá pa ìbúra náà mọ́ fún ọdún mọ́kànlá, ayùn ló gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo bá agégi rìn dé ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tiẹ̀ bá a di oúnjẹ. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà mo padà síbẹ̀, mo dúró láàárín àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀. Mo ronú kan omi gbígbóná. Mo ronú kan gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi kùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ fún ọdún mọ́kànlá, tí mo kó fún ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Mo fọwọ́ kan ìdí igi náà bí mo ṣe fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Mo ti parí. Dìde, ká máa lọ."

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé mi.

Ẹ̀rọ náà wà nílé elépo mìíràn báyìí. Igi náà kù sí apá kan, ó ti ń yọ ewé lójú ibi tí wọ́n gé. Ohun tí Bàbá sọ ṣẹ mọ́ mi lára: ẹni tó bá mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti wá mọ̀ pé àwọn àgbà tí mo bú kì í ṣe òǹrorò. Láràárọ̀ mo máa ń bu omi sẹ́nu, mo máa ń fọ́n ọn sí ewé, èmi àgbàlagbà tí eyín kò pé lẹ́nu rẹ̀ mọ́, omi sì máa ń dà sí mi láyà. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ máa ń mọ́ bá mi níbẹ̀, oòrùn máa ń mú mi níbẹ̀, iṣẹ́ ń dúró.

Ní ìjẹta mo wà níbẹ̀, igbá omi wà lọ́wọ́ mi, àbúrò rẹ̀ jáde sí mi láti inú ilé. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, ó ga ju bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ga rí. Ó di ikùn mú. Ó ní, "Ìyá, inú ń run mí."

N kò tilẹ̀ yíjú. Mo ní, "Jẹ́ n parí èyí."

Ó ní, "Ó dáa, Ìyá."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́ láìwọ bàtà, mo pariwo pe zẹ́míjàn, a dé Pobè, òun ń wí lọ́nà pé máńgòrò tí kò pọ́n ni òun jẹ, pé kí n má dójú ti òun. Òótọ́ ni, máńgòrò ni. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó lọ mu omi kí ó sì sùn, ó wá wò mí, ó fún mi ní àga.

Nígbà tí a padà délé, omi tó dànù ti gbẹ. N kò lọ bu òmíràn. Mo jókòó ti èyí tó ń sùn, mo gbé ọwọ́ lé e níkùn, mo ń ka èémí rẹ̀. Láti ojú fèrèsé mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù, kó dúró dè mí díẹ̀ sí i. Ó mọ̀ ọ́n dúró. Èmi ni mo kọ́ ọ.